Ẹ́ńjìnnì Ló Ń Wúkọ́, Ọmọ Ọlọ́mọ Ni Mo Lé Lọ

 

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò ní etí omi Ìlàjẹ. Ó ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òun, oní-sílíńdà méjì tí òun jogún lọ́wọ́ bàbá òun, kò gbọ́ràn mọ́. Bí òun bá fa okùn rẹ̀ láàárọ̀, yóò dáhùn kíá. Ṣùgbọ́n kí òun tó dé àárín omi, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, yóò máa wúkọ́, agbára rẹ̀ yóò sì dín kù bí ẹni tí ebi ń pa. Mẹkáníìkì kan ní kí òun pààrọ̀ kábúrétọ̀. Òmíràn ní kí òun tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ní ìparí lẹ́tà náà ni ó wá kọ ohun tó mú kí n jókòó fún èsì yìí lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun ti ń fura sí ọmọ tó ń bá òun ṣiṣẹ́, pé ó jọ pé ó ń ta nínú epo òun, ó sì ń fi omi dí i.

Ọ̀gá mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú èmi fúnra mi rí.

Bàbá mi ra ẹ́ńjìnnì kan ní 1962, agbára ẹṣin 18, oní-sílíńdà méjì, irú èyí tí à ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, tó jẹ́ pé inú bẹntiróòlù ni à ń po ọ́ìlì rẹ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá mi kú, èmi ni ẹ́ńjìnnì náà kàn. Mo ń fi í gbé èrò àti ẹrù láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí àwọn abúlé tó wà ní òdìkejì ọ̀sà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó ń bá mi ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà náà, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, yóò jókòó ti ẹ́ńjìnnì, yóò dẹ etí sí i bí ẹni tí ń gbọ́ ìwàásù.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2014, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì á já gaara. Bí a bá ti rìn tó bí ogún ìṣẹ́jú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tìtì, ọkọ̀ tó ń sáré tẹ́lẹ̀ yóò wá máa wọ́ bí ìgbín. Mo tú kábúrétọ̀, mo rí ẹ̀kán omi kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kán kan péré o! Mo tú pọ́lọ́ọ̀gì méjèèjì. Ti òkè gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí ẹ̀yìn búrẹ́dì; ti ìsàlẹ̀ tutù rinrin, ó sì dúdú. Mo ní, “Àṣírí tú.”

Ọmọ yìí ni mo máa ń rán lọ ra epo, òun náà ni ó sì ń po ọ́ìlì. Mo pè é, mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o ń ta epo mi, o sì ń fi omi rọ́pò rẹ̀.” Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, “Bàbá, mi ò ta epo yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa, ìgbà tó bá gbóná ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti tutù, kì í ṣe é mọ́.” Mo ní kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, pé kí wọ́n tó bí i ni mo ti ń wa ọkọ̀. Mo lé e lọ lọ́jọ́ náà. Kí n má tan yín, mo tún di owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀ mú, mo ní mo fi dípò epo mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ọmọ náà, kò bá mi jà. Ohun tó sọ kò ju gbólóhùn méjì lọ. Ó ní, “Àbúrò mi, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwọ tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí o tó dá tìrẹ?” Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò fi sọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo gbé èrò mẹ́fà láti òdìkejì ọ̀sà. Obìnrin ni gbogbo wọn, ọ̀kan nínú wọn pọn ọmọ. Mo ti fọwọ́ ara mi ra epo, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo sì fọwọ́ ara mi pò ó. Ọkàn mi balẹ̀. A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tó sì ń fi ẹsẹ̀ kan tiro. Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Atẹ́gùn dé, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì ní agbára tí n ó fi yí imú ọkọ̀ kọjú sí i. Omi ń wọlé. Ọmọ tó yẹ kó máa gbọ́n omi kò sí níbẹ̀, mo ti lé e. Àwọn obìnrin náà ni wọ́n fi abọ́ ọjà wọn gbọ́n ọn. Méjì nínú wọn gba àjẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó tó wà nínú ọkọ̀ kò ju mẹ́ta lọ fún ènìyàn méje àti ọmọ ọwọ́. Títí di òní, bí mo bá rántí ọmọ ẹ̀yìn yẹn, àyà mi ń já.

Ọlọ́run kó wa yọ. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé èbúté. Bí mo ṣe ń so ọkọ̀ mọ́ èèkàn, ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí mi lọ́kàn: èmi ni mo ra epo yìí, èmi ni mo pò ó. Ta wá ni olè?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi. Bàbá kò mú sípánà kankan dání. Ó bi mí léèrè, “Kábúrétọ̀ mélòó ló wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ?” Mo ní ọ̀kan ni. “Sílíńdà mélòó?” Mo ní méjì. “Pọ́lọ́ọ̀gì mélòó ló tutù?” Mo ní ọ̀kan ni. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ méjì jẹun nínú ìkòkò ọbẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ pé ọbẹ̀ ló bàjẹ́, ṣé inú ẹnì kan ṣoṣo ni ì bá máa run?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú tì mí. Bí omi bá wà nínú epo mi, tàbí tí ọ́ìlì pọ̀ jù, sílíńdà méjèèjì ló yẹ kó ké. Ẹ̀rí tí mo fi dá ọmọ lẹ́bi, ẹ̀rí náà ló yẹ kí n fi dá a láre.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí irú ẹ́ńjìnnì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ohun tí n ó sọ lè yé ẹni tí kò tíì tú u rí. Bí písítìnì bá ń gòkè, ó ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ lókè, ó sì ń fa tuntun wọ abẹ́ ara rẹ̀. Bí iná bá kàn án tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń lé èéfín jáde, ó sì ń ti tuntun tó wà lábẹ́ gòkè. Nítorí pé abẹ́ písítìnì ni epo ń gbà kọjá, kò sí àyè tí ọ́ìlì yóò dúró sí lọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pò ó mọ́ bẹntiróòlù. Ohun mẹ́ta péré ni irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń béèrè: epo tó dára, iná tó lágbára tó sì ń dé lásìkò, àti ìfúnpọ̀ tí kò jò. Bí ó bá ń gbọ̀n, ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ló kù díẹ̀ káàtó. Iṣẹ́ yín ni láti pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹlẹ́rìí, èyí tó rọrùn jù tí kò náni lówó ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ má ṣe yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí ara ẹ́ńjìnnì bá yá, ẹ kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Èkíní, epo. Ẹ da èyí tó ti pẹ́ nù, pàápàá bí ọkọ̀ bá ti dúró fún oṣù mélòó kan, nítorí epo tó bá dógbó máa ń di ọ̀dà nínú àwọn ihò kékeré kábúrétọ̀. Ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a ṣe ṣáájú 1964 ń fẹ́ ọ́ìlì ìwọ̀n kan sí bẹntiróòlù ìwọ̀n 24, ìyẹn bíi lítà kan nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ọ̀pọ̀ tó dé lẹ́yìn ìgbà náà ń fẹ́ ọ̀kan sí 50, ìyẹn ìdajì lítà. Ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹni tó bá ń ṣahun ọ́ìlì, písítìnì ni yóò fi san án. Ẹ tú ojú ihò afẹ́fẹ́ tó wà lórí ìdérí táńkì sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kú lọ lórí eré, kí ẹnì kan máa fún bọ́ọ̀lù rọ́bà tó wà lára okùn epo. Bí ara rẹ̀ bá yá bí ẹ ti ń fún un, epo ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó: ẹ wo okùn, asẹ́ àti páǹpù epo.

Èkejì, ẹ mọ sílíńdà tó ń ṣe ọ̀lẹ. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì òkè, kí ẹ fi irin so ẹnu rẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì dáadáa. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dúró lófìfo, nítorí iná tí kò bá rí ibi gbà lè ba kọ́ìlì jẹ́. Ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ dá wáyà padà, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Èyí tí ẹ bá yọ wáyà rẹ̀ tí ohùn kò yí padà, òun ni kò ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ ka pọ́lọ́ọ̀gì bí ìwé. Èyí tó pọ́n ráńdánráńdán, ara rẹ̀ dá. Èyí tó dúdú tó tutù, iná kò kàn án, tàbí kẹ̀, epo pọ̀ fún un jù. Èyí tó funfun tí ara rẹ̀ sì rí bí ohun tó jóná, epo kò tó o, tàbí kẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù. Ẹ gbé ti òkè sí ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ sí òkè. Bí àìsàn bá bá pọ́lọ́ọ̀gì lọ, ẹ ra pọ́lọ́ọ̀gì tuntun, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá bá a lọ, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ẹ̀kẹrin, iná. Ó gbọ́dọ̀ lè fò kọjá àlàfo tó tó ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì, kó dán bí aró, kó sì ta pàù. Èyí tó bá pọ́n bí iná àtùpà, tó ń ṣe fìfì, kò lágbára. Ẹ má ṣe wo iná níbi tí epo bá ti dà sílẹ̀ tàbí nítòsí ihò pọ́lọ́ọ̀gì tó ṣí sílẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyí: ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé ìgbà tó bá gbóná ló ń ṣàìsàn, ìgbà tó bá gbóná náà ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ibà ń dà láàmú lálẹ́, bí dókítà bá wò ó lọ́sàn-án, ara rẹ̀ lè tutù.

Bí mo ti ṣe nìyẹn. Mo so ọkọ̀ mọ́ èèkàn ní èbúté, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo wá wo iná. Ti òkè ń ta pàù. Ti ìsàlẹ̀ kò sí rárá. Mo jẹ́ kó tutù fún wákàtí kan, mo tún wò ó: iná ìsàlẹ̀ ti padà dé bí ẹni tí kò lọ síbì kan! Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ló ń dún létí mi: “Ìgbà tó bá gbóná ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀karùn-ún, abẹ́ fuláwíìlì. Nínú irú ẹ́ńjìnnì tèmi, kọ́ìlì méjì àti kọ́ńtáàtì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Irin tí a fi ń fa fuláwíìlì ni kí ẹ fi yọ ọ́. Ẹ má ṣe fi òòlù lu orí ọ̀pá rẹ̀. Mo nu kọ́ńtáàtì, mo sì wọn àlàfo rẹ̀. Ti ẹ́ńjìnnì mi jẹ́ ìdá 20 nínú ìdá 1,000 íńṣì, ìyẹn bí ìdajì mìlímítà. Kò sí àyípadà. Mo wá gbé kọ́ìlì òkè sí ààyè ti ìsàlẹ̀, mo gbé ti ìsàlẹ̀ sí òkè. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo dúró kó gbóná. Sílíńdà ìsàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kẹ́ẹ́, ti òkè ló wá kú! Àìsàn ti bá kọ́ìlì lọ. Mo yọ ọ́, mo dojú rẹ̀ kọ oòrùn, mo sì rí ibi tí ara rẹ̀ ti sán, ó tín-ín-rín bí irun. Bó bá tutù, ojú sísán náà á pa pọ̀. Bó bá gbóná, á là, iná á sì gba ibẹ̀ sá lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Mo rí ìfun èèrà lọ́jọ́ náà.

Bí iná tiyín bá dára ní gbogbo ọ̀nà, ìfúnpọ̀ ló kù. Ẹ wọ̀n ọ́n nínú sílíńdà méjèèjì. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá fi ohun tó ju 15 nínú 100 rẹlẹ̀ sí èkejì, gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí òrùka písítìnì ló ń jò. Bí ìfúnpọ̀ náà bá dára, tí ẹ́ńjìnnì sì ń sín láti ẹnu kábúrétọ̀, ebi epo ló ń pa á: ẹ fọ kábúrétọ̀, ẹ tú abẹ́rẹ́ tí ń ṣe ìwọ̀n epo rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wò bóyá afẹ́fẹ́ ń jò wọ abẹ́ písítìnì. Ẹ má ṣe fi eré tẹ ẹ́ńjìnnì tó bá ń sín. Epo tó dín kù, ọ́ìlì ló dín kù pẹ̀lú rẹ̀, písítìnì yóò sì jóná mọ́ ara sílíńdà.

Ní ti ẹni tó ní kí ẹ tà á fún irin àlòkù, ẹ má dá a lóhùn. Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tí a bí ní 1877, tó dàgbà ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú ẹ́ńjìnnì tí à ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ní ìlú Milwaukee ní 1909. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló mú kó tàn ká. Ní 2020 ni wọ́n dẹ́kun ṣíṣe ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ àwọn mìíràn ṣì ń ṣe kọ́ìlì, kọ́ńtáàtì àti rọ́bà páǹpù fún ọ̀pọ̀ àwọn ti àtijọ́. Àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Ohun tó bá ṣe wọ́n, ojú àti etí àti sùúrù lè rí i.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ti ọmọ náà ṣe rí. Nígbà tí mo rí kọ́ìlì tó sán, n kò dúró ra tuntun. Mo mú un lọ́wọ́, mo mú owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tí mo dì mú, mo sì fi ti ọ̀sẹ̀ méjì tó jókòó sílé lé e. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọjú sí ọmọ náà, mo ní, “Mo pè ọ́ lólè, o kò jalè. O sọ òtítọ́ fún mi, mo ní kí o pa ẹnu mọ́. Dárí jì mí.” Ojú rẹ̀ ń ṣe omi, ṣùgbọ́n kọ́ìlì tó wà lọ́wọ́ mi ló ń wò. Ó ní, “Bàbá, ibo ló ti sán?” Mo nà án sí i. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, “Mo mọ̀ pé kì í ṣe epo.”

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Lónìí ó ti ní ọkọ̀ tirẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì mi bá sì ń wúkọ́, òun ni mo ń ké sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ọmọ náà kò jáde sí èbúté, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní “olómi-nínú-epo.” Kọ́ìlì ṣeé rà lọ́jà. Mo ti wá ibi tí wọ́n ti ń ta orúkọ rere, n kò rí i.

Nítorí náà, ọ̀gá mi ní etí omi Ìlàjẹ, ẹ́ńjìnnì yín tó ń dára láàárọ̀ tó ń bàjẹ́ lójú omi jọ tèmi púpọ̀. Ẹ má ra kábúrétọ̀. Ẹ so ọkọ̀ mọ́ èèkàn, ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ wo iná méjèèjì. Kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣe é, ẹ má gbé èrò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ yín láìsí ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó lọ́rùn rẹ̀. Kí ẹ sì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pe ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́, ẹ fún un ní àga, kí ẹ bi í léèrè pé, “Ìwọ ọmọ mi, kí ni o ti ṣàkíyèsí?”

Ẹ kọ̀wé sí mi bí ó bá ṣe rí. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Omi kò ní gbé wa lọ.